Ohun Tí Bàbá Rájà Sọ Kọ́ Ni Mo Sọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tán. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Mi ò sọ fún ọmọ mi. Ọkọ mi pàápàá, ìdajì ló mọ̀. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹnì kan pè mí láti Íńdíà lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, láti ìgbà náà ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Hillcrest Heights nílùú òyìnbó níbí ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Bowie ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nílé obìnrin lọ́yà kan tó jẹ́ ará Íńdíà. Màdámù ni mò ń pè é. Bàbá rẹ̀ ni mò ń tọ́jú. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe bàbá náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn kọjá ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Ọmọ ọba ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló jọba kẹ́yìn ní ìlú kan tó wà lábẹ́ òkè. Nígbà tí ìjọba gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọba, ọmọ ọba yìí bọ́ sínú òṣèlú. Ó sọ fún mi pé nígbà àkọ́kọ́ tóun jáde, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè ohun tóun fẹ́ ṣe. Wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun bí wọ́n ti ń kí ọba, wọ́n sì ń dìbò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wọlé sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn. Ó ṣe mínísítà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Rájà ni mò ń pè é, torí ọba ni wọ́n ń pè ní rájà lédè wọn. Òun náà ń pè mí ní ọmọ mi.

Ó ní ọmọkùnrin kan tó wà nílé lọ́hùn-ún, Anil. Anil ti gbé àpótí, ó fẹ́ gba àga bàbá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá pè lórí fídíò ni Bàbá Rájà máa ń kọjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, Màdámù wà ní ọ́fíìsì. Bàbá Rájà ní kí n gbé òun jókòó. Ó ní kí n fi fóònù tèmi ká ohùn òun sílẹ̀. Ó fi èdè wọn sọ ọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n lè mọ ohun tí mo gbé dání.

Ó ní nígbà tóun jẹ́ mínísítà, òun fọwọ́ síwèé pé kí ilé-iṣẹ́ kan máa fọ́ òkúta lára òkè ìlú wọn. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ òkè rán ọ̀rẹ́ òun láti kékeré sí òun. Tíṣà ni ọ̀rẹ́ náà. Ó wá sọ pé òkè ti ń sán. Bàbá Rájà dá a lóhùn pé, "Òkè táwọn bàbá mi jọba lábẹ́ rẹ̀ ò lè pa yín." Òjò rọ̀. Òkè ya lulẹ̀ láàárọ̀, ó sì bo àwọn ilé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Ó sọ fáwọn oníròyìn pé òjò ló fà á. Kò sẹ́ni tó rí ìwé tó fọwọ́ sí. Wọ́n tún dìbò fún un.

"Wọ́n tún fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ọmọ mi," ló wí. "Àwọn tí mo sọ di aláìlọ́mọ."

Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti padà wá, Anil ni wọ́n sì fẹ́ kó wọlé. Ó ní kí ìlú má dìbò fún ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Òkè yẹn ò tíì yó."

Ó kọ nọ́ńbà Tíṣà sẹ́yìn páálí oògùn, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ránṣẹ́.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ilé, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Màdámù yẹn ló ń bá mi ṣe ìwé tí ọkọ mi máa fi wá bá mi láti Ìbàdàn, ẹ̀yìn Anil arákùnrin rẹ̀ ló sì wà. Ọdún mẹ́fà la ti fi ń wo ojú ara wa lórí fóònù. Mo ní màá fi ránṣẹ́ lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, Bàbá Rájà béèrè. Mo ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, sà."

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. "Tíṣà ò tíì dáhùn?" "Kò tíì dáhùn, sà." Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó ní, "Ó tọ́ sí mi. Kò lè dárí jì mí." Kò tún béèrè mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló kú, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ yẹn ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Màdámù pè mí sí kíṣìnì. Ó bu omi fún mi. Ó ní, "Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé ó súre fún Anil?"

Mo gbé omi náà mu.

Ó rọra sọ pé, "Ìwé ọkọ rẹ wà lórí tábìlì mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ pé ó halẹ̀ mọ́ mi.

Ó ní kí n wọ aṣọ iṣẹ́ mi, kí n dúró ti àwòrán bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi òdòdó ká. Ó ya mí ní fídíò. Mo sọ pé Bàbá Rájà ní kí àwọn ènìyàn òun fi àga òun fún ọmọ òun, kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lórí òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, torí ohùn mi gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́, mo sì ń wo ilẹ̀ nígbà kejì.

Wọ́n gbé e káàkiri ìlú náà. Anil wọlé. Màdámù sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wọ́n lára ju tòun lọ, torí wọ́n mọ̀ pé mi ò bá wọn du nǹkan kan.

Ọkọ mi dé. Mo dì mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ṣe ni ara mi tutù. Mo sọ fún un pé mo parọ́ mọ́ òkú. Mi ò sọ nípa ohùn tó wà nínú fóònù. Ó ní, "Ìyá Tólú, ìlú yẹn kì í ṣe ìlú wa. Gbé ẹnu ẹ dákẹ́."

Ní Mọ́ńdè, a jọ wà nínú ọkọ̀ ní College Park, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nígbà tí fóònù dún. Ohùn arúgbó ni. Tíṣà ni, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé Rájà lòun ti gba nọ́ńbà mi.

"Ṣé ìwọ ni nọ́ọ̀sì inú fídíò yẹn?"

"Èmi ni, sà."

Ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta. Ògiri ilé-ìwé ti sán débi pé ọwọ́ òun ń wọ inú rẹ̀. Òun ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kó kúrò, wọ́n ní Rájà fúnra rẹ̀ súre fún iṣẹ́ náà kó tó kú, òkè ò lè pa àwọn.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tá a jọ ń kọ́wèé. Mo bẹ̀ ọ́. Ṣé òótọ́ ló sọ ohun tó o sọ yẹn?"

Ọkọ mi gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó sì mi orí pé kí n má sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Òótọ́ ni, sà."

Ó wá ní, "Ó dáa. A ó dúró nínú ilé wa nígbà náà." Ó sì pa fóònù.

Ohùn Bàbá Rájà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi ránṣẹ́, gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo parọ́. Màdámù á mọ̀. Mi ò mọ ohun tó lè ṣe sí ìwé ọkọ mi. Ọkọ mi, tí ò mọ̀ nípa ohùn náà, ní tí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, òun á padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó wá lé òun.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń wo ojú ọjọ́ ìlú wọn lórí fóònù láràárọ̀. Wọ́n ní òjò àkọ́kọ́ máa rọ̀ ní Tọ́sìdeè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.