Àká Ọ̀gá Mi Ni Mo Fi Ṣíwájú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ òní, ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, ṣé àká mi ṣì wà níwájú?" Mo ní, "Ó wà níwájú, sà." Irọ́ ni mo pa. Bàbá tó sọ mí dèèyàn ni mo ń purọ́ fún, a sì jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Sabon Gari níbí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Plọ́gíìnì ni mò ń kọ, ìyẹn àfikún kékeré tí a ń so mọ́ ètò tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kó lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ta oògùn níbí àti ní Fagge ló ń lo tèmi: bí ọjọ́ ìlò oògùn bá ti kọjá, yóò kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má tà á. Kò sẹ́ni tó ń dá irú iṣẹ́ yìí kọ tán. A máa ń mú àwọn ègé tí ẹlòmíràn ti kọ nínú àká tí wọ́n kó wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àká gbogbogbòò wà, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn wà lára rẹ̀. Ti ọ̀gá mi náà wà, òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹbí mi ní kí n lọ tajà ní ọjà Singer bíi ìyá mi, ọ̀gá mi ló fà mí mọ́ra tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí mo ń ṣe plọ́gíìnì mi, mo ní láti to orúkọ àwọn àká tẹ̀léra. Inú èyí tó wà lókè ni kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wò. Bó bá rí ohun tó ń wá níbẹ̀, kò ní dé ìkejì mọ́. Ta ni kí n fi ṣíwájú? Wọn ò tọ́ mi pé kí n bu òkèlè ṣáájú àgbà. Mo fi àká ọ̀gá mi sókè pátápátá, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà máa mú èyí tó bá tuntun jù níbẹ̀. Inú bàbá náà dùn débi pé ó fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí Alhaji kan tó ń ta oògùn ní Fagge ṣe pè mí. "Wannan maganin ya lalace fa," ó ní oògùn ikọ́ ọmọdé kan ti bàjẹ́, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ní kí òun máa tà á? Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fojú ara rẹ̀ ka ara páálí kó tó gbé e fún ìyá ọmọ. Mo yẹ iṣẹ́ mi wò títí, n kò rí àléébù. Ìgbà tí mo dé inú ègé tó ń ka ọjọ́, èyí tó ti àká ọ̀gá mi wá, mo rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kọ, ó sì ti fi oṣù sípò ọjọ́.

Mo lọ bá a nílé kí n sọ fún un. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo dáhùn. Kò pẹ́, ó tún bi mí. Nígbà tó yá, ó pè mí ní orúkọ ìyá mi, ìyá mi tó ti kú. Mi ò lè sọ ohun tí mo bá wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú. "Dan Allah, jọ̀ọ́, ọmọ mi, no tell am. Ó ti ń gbàgbé nǹkan. Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù fún un?"

Mo gbìyànjú láti yọ ègé rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn yòókù tí mò ń lò, orí rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Bí mo ṣe yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ wó. Ni mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tó ṣe nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé nìkan ni kí kọ̀ǹpútà máa mú, mo sì gbé àká gbogbogbòò síwájú tirẹ̀ fún gbogbo ìyókù. Plọ́gíìnì mi ti dára báyìí. Láràárọ̀ ni ọ̀gá mi ń kọ tuntun, tó ń fi ránṣẹ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé mo gbà á.

Ṣé kí n dákẹ́ síbẹ̀? Èmi nìkan kọ́ ló ń mú nǹkan nínú àká náà. Àwọn mìíràn wà ní ìlú tí n kò dé rí, èmi gan-an ni mo yìn ín fún wọn, oògùn sì ni iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn. Bí mo bá kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀, ọ̀gá mi ni yóò kọ́kọ́ kà á. Bí mi ò bá kọ ọ́, gbogbo ọlọ́jà kọ́ ló ń ka ara páálí bíi Alhaji. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá wá jẹ́ àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà pọ̀n ńkọ́?

Mo ti kọ ìkìlọ̀ náà, ó wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi, n kò tíì fi ránṣẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, nítorí láàárọ̀ ọ̀la, ọ̀gá mi yóò tún pè mí, yóò sì bi mí bóyá àká òun ṣì wà níwájú.