Plọ́ọ̀gì Ọjọ́ Jímọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù. Mo bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, mo wá fi irọ́ ba iṣẹ́ Rùká, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Rùká sọ pé òun ò padà sí yunifásítì mọ́, pé orí òun ò gbé ìwé. Láti ìgbà náà, mi ò lè jókòó síbì kan.

Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe n'Íkòtún. Rùká fẹ́ kó ohun tí mo mọ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, bó ṣe ń dún, ohun tó bàjẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ wá òfin jáde níbẹ̀, pé tó bá ń dún báyìí, nǹkan báyìí ló bàjẹ́. Á kọ́kọ́ méfò òfin rẹpẹtẹ. Àwọn tó bá bá àkọsílẹ̀ mu, á kó wọn pọ̀ bí àkùkọ àti àgbébọ̀, kí wọ́n bí òfin tó dáa jù wọ́n lọ. Àwọn tí ò bá mu, á dà wọ́n nù. Ìran lórí ìran, títí ojúlówó á fi kù.

Mo ní lọ́kàn mi, bí kọ̀ǹpútà yìí bá mọ iṣẹ́ mi tán, ta ló máa wá mi wá? Èmi tí iná plọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ ń gbé lójoojúmọ́ tí mi ò mira!

Rùká ló máa ń jókòó tì mí kọ àkọsílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í lè wá, èmi ni mo ń kọ tọjọ́ náà. Kọ́ìlì ló bàjẹ́ ni o, kabúrétọ̀ ni o, plọ́ọ̀gì ni mo ń kọ sí gbogbo ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè ya dìndìnrìn.

Lọ́jọ́ kan ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bọ̀ọ̀dá, òfin kan ti borí gbogbo ìyókù o! Tó bá ti jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, plọ́ọ̀gì ló bàjẹ́. Kí ló fà á?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo ní, "Ìkánjú ìrun Jímọ̀ ni jàre. Àwọn tó ni ẹ̀rọ á ti da epo sí i wàràwàrà, á sì kan plọ́ọ̀gì." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tòun ti orúkọ mi.

Àwọn olùkọ́ rẹ̀ bi í bóyá plọ́ọ̀gì náà ń kírun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní kó lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó gbà pé òun ló ṣi iṣẹ́ ṣe. Mo ń wò ó, mo ń nu sípánà.

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́, mo kà á fún ìyàwó mi. Mo bi í bóyá mo ṣì lè dákẹ́.

Ó ní, "Bàbá Ṣákírù, kọ̀ǹpútà yẹn ò ṣì í. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nǹkan ń bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín lóòótọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sọ fún ọmọ pé kì í ṣe plọ́ọ̀gì ló bàjẹ́, ẹ̀yin ni."