Ojú Ibi tí Atẹ́gùn Ń Wò

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa láti Ìwó lọ sí Kuta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá àgbàlagbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Kọ̀mpútà ní atẹ́gùn ò lè ṣí páànù abà yín, ó wá ṣí i lánàá. Èmi ni mo sọ fún un pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni atẹ́gùn á máa gbà tì í, bí páànù bá tilẹ̀ yí."

Màmá fi àpò ilá rẹ̀ kọ́ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́. "Na ọwọ́ síta. Rọra máa yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Àpò ńkọ́?"

"Ilẹ̀ náà ló ṣì ń wò."

"Atẹ́gùn ńkọ́?"

Ọmọ náà tún yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Bí mo ṣe ń yí ọwọ́ ló ń yí. Ó ti ń gbé ọwọ́ mi lọ sókè."

"Bó ṣe ṣe páànù nìyẹn. Ẹrù kì í wo ojú ẹni, ilẹ̀ ló ń wò. Atẹ́gùn ló ń wo ojú ẹni."

Títí di òní, bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi a máa jáde.

"Màá tún ìṣirò náà ṣe lórí kọ̀mpútà, mà," ni ọmọ náà wí.

"Tún un ṣe. Kó o sì sọ fún un pé abẹ́ páànù yẹn ni mò ń sùn."