Ọrùn Kẹ̀kẹ́ Bọ̀wálé

Èmi Sírájúdéènì Akíndé, ẹni tí gbogbo àdúgbò Joju mọ̀ sí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ni mo kọ ìwé yìí. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé kídìnrín mi méjèèjì ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló mú mi kọ ọ́. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ẹ kà á ní àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ kà á dé ìparí kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ohun tí mo fi pa mọ́ láti ọdún méjì nìyí: Fáìzàh ọmọ Rauf kò ta ayédèrú férémù fún Bọ̀wálé. Férémù náà dára. Èmi ni mo bà á jẹ́, tí mo sì jókòó tí mo ń wò ó nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bi rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́rùn.

Láti ọdún 1979 ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe. Nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gùn lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà, ọwọ́ mi sì ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Irin ni gbogbo rẹ̀. Bó bá wọ́, màá nà án. Bó bá ṣẹ́, wẹ́dà á jó o. Bó bá kúrú, màá so ó. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí mo mọ̀ sì ti tó mi.

Bọ̀wálé kì í ṣe ọmọ ibí. Iṣẹ́ yunifásítì ló gbé e wá, inú yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ní ọ̀wọ̀. Láràárọ̀ Sátidé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ gba Ìjù lọ sí Itele. Ó fẹ́ kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní gíráfẹ̀lì. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ nípọn, torí ọ̀nà olókùúta àti eléruku ni wọ́n ṣe é fún, irú èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ ra odindi. Ó fẹ́ ṣa ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tò ó bó ṣe wù ú. Ó ní kí wọ́n bá òun ra férémù rẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Ṣáínà, lórí ìwọ̀n ara rẹ̀ àti àwọ̀ tó yàn fúnra rẹ̀.

Fáìzàh ló bá a rà á. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: orí fóònù ló ti ń bá èèyàn ra ọjà láti Ṣáínà, á bá wọn sọ̀rọ̀, á tọpa ẹrù náà títí yóò fi dé Sango. Rauf bàbá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí Rauf kú. Lórí ibùsùn tó kú sí, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Síráju, jẹ́ kí ojú rẹ máa wà lára Fáì.” Mo ní kó má ṣèyọnu. Ẹ fi èyí sọ́kàn bẹ́ ẹ ti ń kà á lọ.

Férémù dé. Mo fi ọwọ́ kan gbé páálí náà, mo sì rò pé nǹkan kan kù nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni. Kì í ṣe irin, kì í ṣe rọ́bà. Mo ní, “Bọ̀wálé, ṣé kì í ṣe páálí ni wọ́n dì sínú páálí fún ẹ báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ó le ju irin lọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òòlù kàn án o.” Mo ní, “Ta ló ń fi òòlù to kẹ̀kẹ́?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mo rí yín lánàá.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Béárìn tó yẹ kó wọ ibi tí pẹ́dà ń gbà yí kò wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi dúró de òmíràn. Okùn bíréèkì, inú férémù ni wọ́n ní kó gbà, ihò rẹ̀ kò sì tóbi ju èyí tí èèrà ńlá lè gbà wọlé lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń fi òwú àti máǹgínẹ́ẹ̀tì wá a. Ìwé kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó sọ bí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Bọ̀wálé tún yá sípánà kan wá tó máa ń dún kẹ́ bó bá ti tó. Mo gbé sípánà náà sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ó lé ní ogójì ọdún tí ọwọ́ mi ti ń mọ ohun tó le. Kẹ̀kẹ́ náà so kọ́ sára igi ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá, kẹ̀kẹ́ yìí ò tíì rìn? Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ni?” Èkejì á ní, “Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ ní kéú kó tó jáde.” Ó ń ta mí.

Ó ku ọrùn. Fọ́ọ̀kì tó bá férémù wá, èyí tó di táyà iwájú mú, ní páìpù kábọ́ọ̀nù kan tó gùn gba inú férémù yọ lókè. Orí páìpù yẹn ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń jókòó lé. Ilé iṣẹ́ á fi í sílẹ̀ ní gígùn, kí oníkẹ̀kẹ́ lè gé e bí ara rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Lọ́jọ́rú, Bọ̀wálé ní, “Bàbá, ẹ má tíì gé e o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó lé e, kí n mọ ibi tí ọwọ́ mi máa dé. Mò ń bọ̀ ní Sátidé.” Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́bọ̀, bí mo ṣe kí Àlàásárì tán, mo mú ayùn irin, mo gé e. Kò sẹ́ni tó rán mi. Kẹ̀kẹ́ náà ti sú mi. Mo fẹ́ kó kúrò lójú mi, mo sì fẹ́ kí Bọ̀wálé dé kó bá a ní píparí, kó mọ̀ pé èmi ni.

Mo wọ̀n ọ́n kí n tó gé e. Àwọn òrùka tó máa ń wà lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo gbàgbé láti kà mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé e, ọrùn náà kò dé ibi tí yóò ti rí nǹkan dì mú. Ó fi ìka méjì kúrú. Mo jókòó. Fọ́ọ̀kì tuntun wà, oṣù méjì ló máa gbà kó tó dé. Gbólóhùn kan ni mo ní láti sọ: Bọ̀wálé, mo ti gé e jù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ ọ́. Mo wá páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ inú rẹ̀, mo po gọ́ọ̀mù líle, mo fi so èyí tí mo gé pa dà mọ́ ara rẹ̀. Mo fi òrùka bò ó, mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé e. Tí ẹ bá dúró tì í, ẹ ò lè rí i. Irin tí wọ́n bá so bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún mẹ́wàá. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irin.

Bọ̀wálé dé ní Sátidé. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti gé e?” Mo ní mo ti gé e. Ó jókòó lé e, ó nawọ́, ó yọ̀. “Ó ṣe rẹ́gí. Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Mo ní, “Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọ̀sẹ̀ méje ló fi gùn ún. Ní ìkeje, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìjù, ọrùn náà já. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé e, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sì wà nínú kòtò. Àgbọ̀n rẹ̀ kán, èjìká rẹ̀ kán, iṣan apá ọ̀tún rẹ̀ sì já. Títí dòní, kò lè fi ọwọ́ yẹn de bọ́tìnnì. Wọ́n mú un kúrò ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ní kó lọ máa to fáìlì.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá fún mi, kí n wò ó kí n sọ ohun tó ṣe é. Èmi. Bí wọ́n ṣe lọ ni mo fa páìpù irin náà jáde. Mo jù ú sínú irin àlòkù, àwọn tó ń ra irin kó o lọ lọ́jọ́ kejì. Yóò ti di ọ̀pá irin nínú òpó ilé ẹnì kan báyìí. Ojú ibi tí ayùn gbà ṣì mọ́ lára ọrùn náà. Mo mú òòlù, mo fọ́ ọ, kó lè dà bí ohun tó fúnra rẹ̀ já, ṣùgbọ́n ojú ayùn náà kò pa rẹ́ tán.

Amos, ẹ̀gbọ́n Bọ̀wálé, ní ayédèrú ni férémù tí Fáìzàh bá a rà, ó bínú dé ilé Rauf. Ó ní ọlọ́pàá lòun máa fi gbé Fáìzàh. Kàfáyá, ìyá ọmọ náà, sáré wá bá mi pé kí n bá wọn dá sí i, a sì fi ìpàdé sí ọjọ́ Àìkú. Fáìzàh ti ya fọ́tò ibi tó já, ó ti fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lọ́jọ́ Jímọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ti kọ ìwé fèsì. Wọ́n ní ayùn ló gé e, pé àwọn rí ojú gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Wọ́n ní ta ló lẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹ̀yin kọ́kọ́ rí i.”

Ẹ gbọ́, ibí yìí ló burú jù. Gígé náà, àṣìṣe ni. Síso ó pọ̀, ìgbéraga ni. Mi ò ní orúkọ fún èyí. Mo wo ojú ọmọ Rauf, mo ní, “Fáì, èmi ni mo to kẹ̀kẹ́ náà. Bó o bá gbé èyí jáde, ta lo fẹ́ kí wọ́n mú?” Ó ní, “Àsítágàfúrúláì, Bàbá, mi ò sọ pé ẹ̀yin ni.” Mo ní, “Àwọn ará Ṣáínà yẹn ń wá bí wọ́n ṣe máa bọ́ níbẹ̀ ni. Tó o bá bá Amos jiyàn, ọlọ́pàá ló máa parí ẹ̀. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀bẹ̀, kó o ní o ò mọ̀ pé ọjà náà ò dáa. Èmi á bá ẹ sọ̀rọ̀.” Ó ní, “Ṣé bó ṣe dáa nìyẹn, Bàbá?” Mo ní bó ṣe dáa nìyẹn. Ó gbé fóònù sókè, ó pa ìwé náà rẹ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ láàárín wa, ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Mo dìde, mo ní ọmọdé ni, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Amos rọ̀. Ẹ̀yin àgbà yìn mí. Ẹ ní àwọn bíi tèmi ló kù ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Sango. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Fáìzàh Onífeéìkì. Kò sẹ́ni tó tún rán an lọ́jà mọ́. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ló wà báyìí, ìdúró ló fi ń di bisikíìtì sínú páálí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí Kàfáyá bá sì pàdé mi, á kúnlẹ̀, á ní, “Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá wa parí ẹ̀.” Mo gba ìkíni náà fún ọdún méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sọ fún Bọ̀wálé. Ó wo apá rẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo ní kẹ́ ẹ má gé e.” Mo lọ bá Fáìzàh ní yàrá tó gbà sí Itele. Ó ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Kò dá aṣọ fífọ̀ dúró. Nígbà tó yá, ó ní, “Lójú yín ni mo pa ìwé yẹn rẹ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ ti ẹnu mọ́. Ẹ kọ ọ́.” Mo ti kọ ọ́ nìyí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ tètè sọ èyí tẹ́ ẹ bá bàjẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló tíì bàjẹ́.

Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ ó kó ara yín jọ, ẹ ó gba Itele lọ. Ẹ ó ní àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ ò yá, kí ọmọ náà fi jì mí nítorí Ọlọ́run. Yóò kúnlẹ̀. Yóò ní ó ti tán. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ohun tí mo sì fi mú un nìyẹn. Ẹ má lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó sá fún ọjà rẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sọ fún wọn pé férémù náà dára. Ní tèmi, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí yóò bá dárí jì mí, kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.