Ìpín Àwòdì Lórí Òrùlé Norbert

Ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ Àrìnkẹ́ nínú láti ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí kò bá jáde, á pa á. Ohun tó sọ fún Monique nìyẹn, orí ìkúnlẹ̀ ló sì wà tó fi sọ ọ́, nínú àgbàlá ilé Monique ní àdúgbò Ablogamé ní Lomé, lójú ọ̀sán gangan. Monique ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. "Ẹ̀n-ẹ́n, Táńtì Àrìnkẹ́, ẹ dìde jàre! Ta ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ?" Òótọ́ ni, obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ṣùgbọ́n Àrìnkẹ́ kò dìde, kò sì gbójú sókè, torí bó bá gbé e sókè, orí òrùlé ni ojú náà máa bọ́ sí, àwọn àwòdì sì wà níbẹ̀, wọ́n tò sétí páànù, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Lánàá ni Monique wá bẹ̀ ẹ́ pé lọ́jọ́ Sunday, tí ìjọ bá ń ṣe àdúrà fún bàbá òun, kó bá òun dìde, kó sọ irú aládùúgbò tí bàbá òun jẹ́. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó yín, Táńtì." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àrìnkẹ́ lára dé egungun. Kí ló fẹ́ sọ níwájú pẹpẹ? Ṣé á sọ pé èèyàn rere ni ọkùnrin tí òun pa?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé gbogbo wa. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ Àrìnkẹ́, iṣẹ́ tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Lomé. Gbogbo ẹni tó bá ń yan ẹja létí òkun ló mọ̀ pé olè ni àwòdì. Olè tí kì í bẹ̀rù èèyàn ni. Á máa fò yípo lókè bí ẹni tí kò tiẹ̀ wo ibi tí o wà, ìrù rẹ̀ tó là sí méjì á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti já ẹja gbà lórí atẹ, ó sì ti ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀run, kò dúró síbì kan. Òkú eku, òkú aláǹgbá, ìfun adìyẹ, kò sí èyí tí kò jẹ. Ibi tí èéfín bá ti ń rú ló ń wá, torí ó mọ̀ pé ohun tó bá sá fún iná, oúnjẹ òun ni. Bí òjò bá dá tí ọyẹ́ gbòde, wọ́n á dé. Bí òjò bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba apá àríwá lọ. Ìyá Àrìnkẹ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Ó ní, "Fún un ní tirẹ̀, kó má baà gba tìrẹ." Láràárọ̀, kí Àrìnkẹ́ tó sá ẹja, á da ìfun àti orí ẹja sórí òrùlé ilé ìyanja rẹ̀, ojú kan náà ni nígbà gbogbo. Ìpín àwòdì ni àwọn obìnrin etí òkun ń pè é. Bí ẹyẹ náà bá ti gba ìpín rẹ̀, á fi atẹ sílẹ̀. Ẹyẹ náà ní làákàyè o. Ibi tí wọ́n bá ti fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé ibẹ̀.

Ọdún tí Lomé dàrú ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ń béèrè ìjọba tiwa-n-tiwa, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí gbogbo ìlú ń pè ní "grève" sì ti ti ọjà, ó ti ti ilé ìwé, ó ti pa èbúté lẹ́nu mọ́. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti yọ òkú èèyàn nínú ọ̀sà ní Bè, láti ọjọ́ yẹn sì ni ará ìlú ti ń wo ẹyẹ. Ibi tí ẹyẹ bá ti ń yípo, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní òkú wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1993, ìbọn dún mọ́ àwọn tó kóra jọ láàárín ìlú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Dàmọ́lá, àbúrò Àrìnkẹ́, wọ́ ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní itan rẹ̀. Yunifásítì ló wà, òun sì ni àbíkẹ́yìn tí ìyá wọn fi sí Àrìnkẹ́ lọ́wọ́ kó tó kú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń wá àwa tí ìbọn bà láti ilé dé ilé. Bí wọ́n bá rí mi, ó parí." Àrìnkẹ́ gbé e wọ inú ilé ìyanja, ó tẹ́ àpò sí ẹ̀yìn ààrò tí kò dáná mọ́, ó fi atẹ àti agbọ̀n dí iwájú rẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀mí Dàmọ́lá wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyin.

Ọkọ̀ kò ròkun dáadáa mọ́, ẹja wọ́n, Àrìnkẹ́ sì dẹ́kun ìpín àwòdì. Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ẹyẹ tí ìpín ti mọ́ lára kò mọ̀ pé grève wà. Wọ́n ń dé láràárọ̀, wọ́n ń bà sórí òrùlé, wọ́n ń han, ohùn wọn ń gbọ̀n bí ti ọmọ tí ebi ń pa, wọn kò sì lọ. Ìkejì tún wá burú ju ìyẹn lọ. Aṣọ funfun tó fi ń di ojú ọgbẹ́ Dàmọ́lá, ó kó o sẹ́yìnkùlé kó lè sun ún. Àwòdì fẹ́ràn àkísà, òun ló fi ń tẹ́ inú ìtẹ́ rẹ̀. Kí Àrìnkẹ́ tó mú ìṣáná dé, ọ̀kan ti gbé e lọ sórí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá títì, aṣọ náà sì so rọ̀ níbẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, gbogbo ayé ń wò ó. Paul ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò ní oríta, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ó ń ta ọ̀rọ̀ mọ́ epo. "Bọ́njù, Màmá. Kí làwọn ẹyẹ yìí rí lórí òrùlé yín?"

"Ẹja ni."

"Ẹja wo? Ṣebí ọkọ̀ ò ròkun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń wo òrùlé náà lọ. Àrìnkẹ́ sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin oníbọn kan wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré yípo àdúgbò, ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó rán wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ yẹn rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kọjá níwájú ilé rẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́yìn sì gbójú sókè wo àwọn àwòdì.

Ibi tí Èṣù ti bá a dámọ̀ràn nìyí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀bi ru Èṣù, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó. Bí ẹyẹ bá ń lọ síbi tí oúnjẹ wà, ṣebí èèyàn lè fi oúnjẹ darí wọn lọ síbòmíràn? Ilé tó fara ti tirẹ̀ ni ti Norbert, bàbá Monique, ará Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin tó ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ariwo lẹ́nu rẹ̀. Bí iyọ̀ bá tán nílé Àrìnkẹ́, orí ògiri rẹ̀ ló ti ń gbà á. Àrìnkẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ta ló máa fura sí bàbá arúgbó? Wọ́n á wò ó, wọ́n á rí àwọ̀n, wọ́n á máa lọ." Irọ́ ló ń pa, ó sì mọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń gun ọkọ̀ yẹn kì í wo nǹkan kí wọ́n wá máa lọ. Ó wá orí ẹja jọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin etí òkun, ó ní ọbẹ̀ lòun fẹ́ sè. Ní ìdájí, kí àdúgbò tó jí tán, ó gun àpótí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí páànù Norbert. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí òrùlé tirẹ̀ fi dá páropáro, tí òrùlé Norbert kún fún ẹyẹ. Dàmọ́lá bi í láti inú òkùnkùn ilé ìyanja pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ ìró wọn mọ́. Ṣé wọ́n ti lọ?" Ó ní, "Wọ́n ti lọ. Sùn." Norbert náà bá a sọ̀rọ̀ lórí ògiri, abẹ́rẹ́ tó fi ń tún àwọ̀n ṣe wà létí rẹ̀ níbi tó máa ń há a sí. "Àrìnkẹ́, àwọn àlejò rẹ ti kó wá sọ́dọ̀ mi o. Wọ́n ní ilé mi tura ju tìrẹ lọ." Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín! "Ẹ má dá wọn lóhùn, Pápá Monique."

Ọ̀sán ni wọ́n wá. Ọkọ̀ náà kọjá ilé Àrìnkẹ́, ó dúró níwájú ilé Norbert, wọ́n sì ta ilẹ̀kùn rẹ̀ nípàá. Àrìnkẹ́ sá wọ ilé ìyanja, ó dùbúlẹ̀ lé Dàmọ́lá lórí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ihò kan wà lára ògiri níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ síbẹ̀ láìfẹ́. Wọ́n da àwọ̀n rú, wọ́n ń pariwo, "Òkú dà? Ta lo fi pamọ́?" Norbert ní, "Kò sí òkú. Kò sẹ́ni kankan níbí. Èmi àti ẹyẹ nìkan là ń gbé ibí." Wọ́n gbá a létí. Ó ṣubú. Bó ṣe ń dìde, ó kọjú sí ògiri, sí ibi ihò yẹn gan-an, ó sì wò ó pẹ́. Bí Àrìnkẹ́ bá ké nígbà yẹn pé, "Èmi ni, ìfun ẹja lásán ni," wọ́n á fi Norbert sílẹ̀, wọ́n á sì wá bá a níbẹ̀, wọ́n á bá Dàmọ́lá. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Wọ́n wọ́ Norbert sínú ọkọ̀, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àwòdì fò sókè, ọkọ̀ lọ, wọ́n sì tún bà padà, wọ́n ń jẹun lọ. Ẹnikẹ́ni kò rí Norbert mọ́ títí dòní, àti òkú rẹ̀ àti ààyè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdajì ìlú ń sá lọ sí Benin àti Ghana. Àrìnkẹ́ gbé Dàmọ́lá sábẹ́ ẹrù nínú ọkọ̀, wọ́n dé Cotonou, ọgbẹ́ rẹ̀ jinná. Ó ń tiro ni, ṣùgbọ́n ó yè, kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ra ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, Àrìnkẹ́ padà sídìí ẹja rẹ̀. Monique, tí bàbá rẹ̀ ti rán lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan ní Pọ́bẹ̀ kí wọ́n tó mú un, náà padà. Òjò wá, òjò lọ. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, àwọn àwòdì dé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fo òrùlé Àrìnkẹ́ kọjá, wọ́n sì bà sórí ti Norbert. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú tirẹ̀ kọ̀, kò tọ̀ ọ́, òrùlé Norbert ló dúró sí, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà á jù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gbójú sókè mọ́.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Monique, kò fi ẹyọ kan pamọ́, títí kan ẹ̀rín tó rín. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ pariwo, pariwo. Bí o bá fẹ́ kí n kó kúrò ní Ablogamé, màá kó. Dárí jì mí, ọmọ mi." Monique kò pariwo. Ó ń wo ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní,

"Pápá mọ̀."

Àrìnkẹ́ gbójú sókè.

"Ó rí yín lórí àpótí yẹn ní ìdájí. Mo ti mú ìgbálẹ̀ pé kí n gun òrùlé lọ gbá orí ẹja yẹn dànù, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Fi í sílẹ̀. Bí a bá gbá a, wọ́n á padà sórí ilé Àrìnkẹ́, ọmọ kan sì wà níbẹ̀ tó ń kérora.' Ó ní bí àwọn oníbọn bá wá, àwọ̀n nìkan ni wọ́n máa bá. Ó dá a lójú, Táńtì. Nígbà tó sì yá, ó ní kí n máa lọ sí Pọ́bẹ̀, òun á máa ṣọ́ ilé. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń dúró dè yín. Mo ní bí ẹ ò bá wá fúnra yín, màá pè yín sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Igbe tí Àrìnkẹ́ ké, àwọn ará títì gbọ́ ọ. Ó ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀, kò mọ̀ pé ẹni tí òun ṣe é sí ti mọ̀, tó sì tún bá òun gbé e. Monique jẹ́ kó sunkún tán. Ó ní, "Mi ò ní parọ́ pé mo ti dárí jì yín. Ọjọ́ tó bá ṣeé ṣe, màá wá sọ fún yín lórí ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, kí Dàmọ́lá sì wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ kó ìpín àwòdì padà sórí òrùlé yín. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi sinmi."

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday, Dàmọ́lá tó ti Cotonou wá sì tiro jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó tó parí. Títí di òní, bí ọmọbìnrin kan bá wá kọ́ṣẹ́ ẹja lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ fún un ni pé, "Ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́, má jù ú sórí òrùlé ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn lè gbà á." Ṣùgbọ́n àárọ̀ Monday tó tẹ̀ lé Sunday náà ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Ó ti ń da orí ẹja sórí páànù ara rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan nígbà tí àwòdì kan fò kọjá ògiri, tí òmíràn tẹ̀ lé e, tí gbogbo wọn sì kó dé. Paul ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó dúró.

"Bọ́njù, Màmá. Kí làwọn ẹyẹ yìí rí lórí òrùlé yín?"

Àrìnkẹ́ wo ojú rẹ̀, ó sì wo òkè.

"Èmi ni wọ́n rí," ó ní. Kò sá wọlé lọ́tẹ̀ yìí.