Ife tí Pásítọ̀ àti Lèmọ́mù Fi Mumi

Pásítọ̀, Lèmọ́mù, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Ẹ má tíì bẹ Ọlọ́run fún mi kí ẹ tó mọ ohun tí mo fi yín ṣe. Ikú ti ń kanlẹ̀kùn mi, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí para pọ̀ láti kọ́ àwọn ará àdúgbò pé wárápá kì í ràn. Télọ̀ tó jókòó lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi yìí, tí àìsàn náà máa ń gbé ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ni yóò kọ́kọ́ mumi. Èmi olùdáná yóò gba ife náà, n óò bomi kún un lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì fi mu lójú gbogbo èèyàn.

Ó ku díẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀ ni Pásítọ̀ yọ́ wọ ilé ìdáná. "Màmá, ìgbàgbọ́ mi ò yẹ̀ o. Ìyàwó mi ló ń bẹ̀rù. Ẹ bá mi fi ife míì tó jọ ọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Kí Lèmọ́mù má gbọ́ o."

Kò tíì jáde tán tí Lèmọ́mù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. "Màmá, ẹ̀rù ò bà mí o. Inú mi ni ò gba itọ́. Ẹ bá mi pààrọ̀ ife náà. Kí Pásítọ̀ má mọ̀ o."

Mo dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn pé, "Ó ti parí, ọmọ mi." Àgbàyà ni mí! Ife mímọ́ kan ṣoṣo, ẹni méjì ni mo fi ṣèlérí fún.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba ife lọ́wọ́ Télọ̀, etí ife náà ṣì tutù níbi tó fẹnu kàn. Mo rántí ọmọbìnrin mi. Ẹ mọ̀ pé ó kú. Ẹ ò mọ̀ pé wárápá ń ṣe é. Èmi tí mo bí i ni mo ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, tí mo gbé e kọ́ sórí ìṣó kí ẹnikẹ́ni má baà fi mumi. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, ṣé ife yẹn náà ń ṣàìsàn ni?" Mo tún gbé ife náà kọ́ padà sórí ìṣó.

Mo bomi kún ife tí Télọ̀ fi mu gan-an, mo gbé e fún yín.

Pásítọ̀ ṣẹ́jú sí mi, ó mu ún. Lèmọ́mù náà ṣẹ́jú sí mi, ó fà á gbẹ, ó dojú ife dé, ó ní, "Ẹ wò ó! Kí ló wà ńbẹ̀?" Àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Télọ̀ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gba ọpẹ́!

Pásítọ̀, ẹ yé nu ẹnu, ó ti pẹ́ jù. Ẹ wo bí òógùn ṣe ń dán lẹ́rẹ̀kẹ́ Lèmọ́mù. Télọ̀, ò ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi.

Ẹ foríjì mí pé mo tàn yín. Èyí tí mo ṣe sí ọmọ mi, ta ni n óò bẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí tí wárápá ń ṣe ọmọ wọn pé kí wọ́n má ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀.

Télọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí. Rárá, kì í ṣe ife yẹn. Ife ọmọ mi tó ṣì wà lórí ìṣó ni. Kọ́kọ́ fi mumi, kí o tó gbé e fún mi.