Ìlà Ojú Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ fìdí lélẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Aránṣọ méjèèjì. Ẹ ò mọ̀ mí rí, mo mọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tèmi sì ti lé ní ogún. Tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀, ìyá yín ló máa kú sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn ìrìn ojú nílé ìwòsàn. Èèyàn á gbé àgbọ̀n lé irin nínú yàrá tó ṣókùnkùn, á máa fojú nìkan tẹ̀ lé iná kékeré kan tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ á sì ya ìrìn ojú náà ní ìlà sórí ìwé. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ geere. Ti àwọn mìíràn á máa fò, á máa tàsé iná, ìlà wọn á rí bí àtẹ̀gùn. Irú wọn ni dókítà wa ń wá láàárín àwọn tó ń dá wà, tó ń fura sí gbogbo ayé, tí àrùn ọpọlọ sì wà nínú ẹbí wọn. Ó máa ń sọ pé, "Ìlà nìkan ò tó o. Àmì lásán ni."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé láràárọ̀, èmi ni kí n kọ́kọ́ jókòó dán ẹ̀rọ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà mi fò. Mo nu dígí ẹ̀rọ, mo tún ìdánwò náà ṣe, ó tún fò. Ìyá tó bí mi bá ògiri sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ rí. Ó wá ń ṣe mí nínú òkùnkùn yẹn bíi pé ẹlòmíràn ló ń fi ojú mi wòran.

Àsìkò yẹn ni ìyá yín wọlé. Òun ló ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Adákẹ́ là ń pè é, torí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbàtọ́jú àrùn ọpọlọ lọ́dọ̀ dókítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó wá ṣe ìdánwò. Ó rẹ́rìn-ín: "Bùọ̀dá, ojú tó ń fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kí lẹ fẹ́ wọ̀n níbẹ̀?" Ìlà rẹ̀ lọ geere, kò tàsé lẹ́ẹ̀kan. Bí ó ṣe jáde báyìí ni dókítà ń kanlẹ̀kùn. Ọwọ́ mi, ọwọ́ burúkú yìí, kọ orúkọ ìyá yín sórí ìwé tèmi, ó sì kọ "ìdánwò àárọ̀" sórí tirẹ̀, bíi pé tèmi ni.

Dókítà wo ìlà, ó wo bó ṣe máa ń dákẹ́, ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní àmì ti pé. Wọ́n fún un lóògùn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè ránṣọ mọ́. Bàbá yín kó yín lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá yín wá bá mi, ó di apá mi mú: "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ lojú mi fò? Mi ò mọ̀ ọ́n lára." Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún un ṣe! Mo wò ó lójú, mo ní, "Ó fò, àbúrò mi. Máa lo oògùn rẹ." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fọwọ́ bojú tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èmi tí ojú mi fò rèé, mo darúgbó láìbá ògiri sọ̀rọ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé rẹ̀. Mo jẹ́wọ́, mo sunkún. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ọkàn mi lè máa sọ pé wọ́n pààrọ̀ ìwé mi, pé mo sì lè máa rí ẹni tí kò sí. Ẹ máa lọ, Bùọ̀dá. Ẹ ò sí níbí." Ó fọwọ́ bojú, ó ń dúró dè mí kí n pòórá.

Ìdáríjì tèmi lè dúró. Ẹ lọ bá a lónìí. Kí ọ̀kan di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, kí èkejì di tòsì mú, kó lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Kí ẹ wá sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò fò rí.